Ojú Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀, Láti Ẹnu Yéjídé

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹta

Mo ti kà á. Ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó jẹ gúgúrú láìmu omi, ṣùgbọ́n mo kà á tán. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, àyà mi kò já níwájú kíláàsì rí. Níwájú máìkì kékeré yìí ló ti já.

Dókítà Ọlágúnjú ní yunifásítì ló kọ ojú ọjọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá. Tèmi ni kí n sọ ọ́ di Yorùbá, kí n sì kà á lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́. "Kí ó lè yé àwọn àgbẹ̀ ni, mà," ni Olúgbénga wí lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí nílé ní Ọ̀bà-Ilé. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Arakale, ní Àkúrẹ́, báyìí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá. Kò mọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀ títí dòní.

Ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró: òjò tó máa rọ̀ ní Arakale tí ẹni tó wà ní Ọ̀bà-Ilé kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ tutù níbì kankan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nígbẹ̀yìn mo pè é ní òjò arọ̀-síhìn-ín-má-rọ̀-sọ́hùn-ún. Olúgbénga ní ó ti gùn jù. Mo ní kí ó mú èyí tó kúrú wá. Kò rí mú wá.

Nígbà tí mo délé, mo bi Bàbá Bùsáyọ̀ bí ó ṣe gbọ́ ọ sí. Ọkọ mi kì í parọ́ fún mi. Ó ní, "O ka òjò bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì."

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta

Ó rọ̀ ní Oǹdó! Ọjọ́rú ni mo wí, Ọjọ́rú náà ló sì rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Bísọ́dún pè láti oko rẹ̀ lọ́nà Bọ́lọ́rúndúró. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lórí páànù abà náà. "Yéjídé, ó rọ̀ bí o ṣe wí gẹ́lẹ́." Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ló ń bá mi sọ láti kékeré, èmi ni mo ń sọ ọ́ di Yorùbá ilé ìwé nínú ìwé yìí, bí olùkọ́. Ó ní gbogbo ìjọ àwọn ló ti mọ̀ pé àbúrò òun ló ń kà á. Ṣé èmi náà kò mọ ẹni tó sọ fún wọn ni.

Mo dín àkàrà ní ìrọ̀lẹ́. Ara mi yá.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹta

Mo kà á geere lónìí. Mo ní, "Òjò yóò tún rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá ní agbègbè Oǹdó àti Ilé-Olújì." Olúgbénga ní ohùn mi ti bọ́ sípò. Ọkùnrin kan pè láti Ìjú, ó ní ṣé ìyá tó máa ń ka òjò ti lọ́kọ. Bàbá Bùsáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n ti gbin àgbàdo sí gbogbo oko ìsàlẹ̀ odò. Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí òjò kejì rọ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n ní ẹnu àbúrò òun ni òun ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹta

Kò rọ̀. Ìkùukùu ṣú lánàá débi pé mo sáré kó ata tí mo sá wọlé, ó sì tún tú ká. Iná kò sí, fáánù kò yí. Bàbá Bùsáyọ̀ fi tówẹ̀lì tútù bo orí, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ewúrẹ́ ilé kejì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn jà. Mo lọ sí Ọjà Ọba. Tòmátì ti di ohun tí èèyàn ń gbé wò tí ó sì ń rọra gbé padà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta

Ohun tí Dókítà fi ránṣẹ́: ọ̀dá ni ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo yára kà á, bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé ẹni tó ń wá a.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹta

Ìbídùnní ló gbé fóònù. "Ẹ má bínú, Ìyá Bùsáyọ̀, wọ́n wà lẹ́yìnkùlé." Ó rọra sọ bí ó ti rí fún mi. Àgbàdo náà hù, ó hù dáadáa, gbogbo rẹ̀ dúró ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Oòrùn wá bẹ̀rẹ̀. Ewé rẹ̀ ká jọ, ó pọ́n, ó sì wó lulẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí àwọn náà gbìn, wọ́n sì gbìn. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ó lè yá òun ní agboòrùn.

Ó pè mí fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màdáámù. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àgbàdo náà ti kú."

Yorùbá ilé ìwé. Ó tún ń pè mí ní "ẹ". Ẹni tó pọ̀n mí lọ sí odò nígbà tí mo wà ní kékeré. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Olúgbénga kí ó wá ẹlòmíràn. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí á ṣe Àjíǹde tán ná. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé màá kọ́kọ́ lọ bi Dókítà ohun tó ṣe òjò rẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹta

Mo mú ẹ̀pà sísè dání, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí yunifásítì. Ọmọ Ìkìrun ni Dókítà Ọlágúnjú, ó kéré sí Bùsáyọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé àga tó wà lábẹ́ fáánù fún mi. Mo ti pinnu pé n kò ní gbà fún un.

"Dókítà, òjò yín kò rọ̀."

"Ó dùn mí, mà. Mo ń wò ó lójoojúmọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi gbin gbogbo oko rẹ̀ nítorí rẹ̀."

Ó wá ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yí i sí mi. "Ẹ bá mi kà á, mà. Níbo ni mo ti sọ pé yóò rọ̀?"

Mo wọ gíláàsì mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó sì fi iye tó ṣeé ṣe dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. N kò tilẹ̀ ka nọ́ńbà yẹn lórí afẹ́fẹ́. Ó dà bí ìṣirò lójú mi, mo sì fò ó. "Yóò" yẹn, tèmi ni. Èmi tí mo máa ń fi bíírò pupa fa igi gbọọrọ sí iwájú "yóò" tí ọmọ bá kọ síbi tí "lè" yẹ kí ó wà.

Inú bí mi, n kò sì rí ẹni tí màá bínú sí. Dókítà rí ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀bi tiwa náà ni, mà. À ń kọ ọ́ bí ẹni pé àwa-ara-wa la fẹ́ kà á."

"Ó dáa, kí ni ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún máa jẹ́ sí ẹni tó di ọkọ́ mú?"

A jókòó tì í. Mo mú "bóyá" wá. Ó ní ìyẹn dà bí ẹni tí kò ka nǹkan kan sí. Mo mú "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú" wá. Ó ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó wá da ẹ̀pà díẹ̀ sórí tábìlì, ó ka mẹ́wàá, ó sì ti mẹ́fà sí apá kan.

"Mà, ká ní a rí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ojú sánmà wọn jọ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Nínú mẹ́fà, òjò rọ̀. Nínú mẹ́rin, kò rọ̀. Tiwa lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́wàá."

Mo wo ẹ̀pà náà títí. "Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́," ni mo wí, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó wà lọ́wọ́ mi bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a jẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹta

Mo dán an wò lára Bàbá Bùsáyọ̀. Ó ti fọ aṣọ, ó gbé e sínú ike, ó ń wo òkè. Mo ní, "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

"Ṣé kí n sá a àbí kí n má sá a?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ. Bí a bá rí ọjọ́ mẹ́wàá bí èyí, òjò á rọ̀ nínú mẹ́ta."

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó sá àwọn ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kó aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la sínú ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ti yé e.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹta

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Mo ní, "Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi Yéjídé sọ pé òjò yóò rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ fún mi ni pé ó lè rọ̀. Àwọn kan gbin nǹkan nítorí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi." Olúgbénga wà lẹ́yìn gíláàsì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. N kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ka ti ọ̀sẹ̀ tuntun bí èmi àti Dókítà ṣe tò ó: mẹ́rin nínú mẹ́wàá níhìn-ín, márùn-ún nínú mẹ́wàá lọ́hùn-ún.

Fóònù kò sinmi. Ìyá kan láti Ìtaògbólú ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ kí ẹnì kan máa bá òun sọ̀rọ̀ báyẹn. Olùkọ́ ìṣirò kan ní òun máa fi kọ́ kíláàsì òun lọ́la. Ọkùnrin kan wá pè, ó fara balẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, mà, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìí, èwo gan-an ni tiwa?"

Oǹdó kò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹta

Dókítà fi àfikún ránṣẹ́ ní ọ̀sán: ìjì líle lè kọjá lágbègbè wa lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́. Méje nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni eré ìdárayá ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n ti háyà kánópì, wọ́n ti pe àlejò pàtàkì, gbogbo ọmọ ilé ìwé yóò sì wà lórí pápá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń parí rẹ̀. Mo mọ irú kánópì wọ̀nyẹn, òpó irin ni wọ́n ní.

Mo pe Ìbídùnní kí ó bá mi fún un ní fóònù.

"Ẹ kú ọ̀sán," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Mo sọ fún un. Ó ní, "Mo ti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, Màdáámù."

"N kò sọ pé yóò jà, Ẹ̀gbọ́n. Méje nínú mẹ́wàá ni."

"Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Nínú mẹ́ta tó kù, kò ní jà. Ẹ máa jókòó sábẹ́ oòrùn, wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún yín."

"Wọ́n ti ń ṣe é." Mo ń gbọ́ rédíò ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. "Bí mo bá sún un sí àárọ̀, àlejò pàtàkì náà kò ní bá a. Kì í tètè dé."

"Ẹ̀yin ni alága, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ yẹn."

Ó ní ó dàárọ̀. Ọ̀sán ṣì ni.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹta

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó kọ èyí ni.

Ìbídùnní fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ti lọ bá ọ̀gá ilé ìwé àti gbogbo ìgbìmọ̀ ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, ó sì lé gbogbo rẹ̀ sí àárọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo òkè. Mo fẹ́ kí ìjì má jà nítorí àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ kí ó jà díẹ̀ nítorí Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run ń wo ọkàn mi.

Mo wà ní Arakale lọ́sàn-án, èmi àti Olúgbénga ń jiyàn lórí àmì ohùn, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ìjì náà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó gbọn ilé náà, ó ṣí páànù ibi tí a ń gbé mọ́tò sí, ó sì gbé e lé orí ògiri ilé tó tẹ̀ lé tiwa. A sá sínú yàrá tí a ti ń kàwé, a di ilẹ̀kùn mú. Òjò wá dé, ó rọ̀ bí ẹni tó ní gbèsè láti san. Nígbà tó dá, mọ́tò Olúgbénga wà lábẹ́ ẹ̀ka igi, gíláàsì rẹ̀ kan ti fọ́. Kò sí ẹni tó fara pa.

Ọkàn mi ti lọ sí Oǹdó. Mo ń wá nọ́ńbà Ìbídùnní nígbà tí ìpè Ẹ̀gbọ́n wọlé.

"Yéjídé, ṣé kò sí nǹkan? Wọ́n ní ìjì jà ní Àkúrẹ́."

Oǹdó ni. Ó ń bá mi sọ Oǹdó. Mo jókòó sórí àga tó tutù.

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà nílé ìyá wọn tipẹ́. Ìjì wo? Oòrùn ló ń ràn níbí. Afẹ́fẹ́ tí yóò mi ewé kò sí."

Mo di ojú mi. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni wọ́n bọ́ sí. "Wọ́n á ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó wú ikọ́. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe eré yẹn, kò dùn tó báyìí rí. Ọmọ kankan kò dákú nínú oòrùn. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n yan, wọ́n sáré, wọ́n gba ife wọn, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Àlejò pàtàkì dé nígbà tí wọ́n ń tú kánópì, ó mú ìwé ọ̀rọ̀ ìyànjú rẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tí yóò kà á fún. Àwọn òbí ti ń bi òun bóyá báyìí ni yóò máa rí lọ́dọọdún.

"Mo sùn lọ́sàn-án, Yéjídé. Ọjọ́ eré ìdárayá, mo sùn lọ́sàn-án."

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹrin. Àjíǹde

A lọ sí Oǹdó. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Ẹ̀gbọ́n ló ka ìkéde. Nígbà tó dé orí ìpàdé àwọn àgbà ọkùnrin, ó ní ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Méjì nínú mẹ́wàá." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àlùfáà náà sì gbé ìwé orin bojú.

Ẹni tó ní kí wọ́n yá òun ní agboòrùn wá kí mi níta. Ó ní ìgbà wo ni òun lè gbìn. Mo ní n kò ní sọ ìyẹn láé, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí ni màá máa sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kẹrin

A ti ṣe Àjíǹde tán. Mo bi Olúgbénga bóyá ó ti rí ẹlòmíràn. Ó ní òun kò wá a.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹrin

Oko ìsàlẹ̀ odò. Èmi, Ẹ̀gbọ́n àti Ìbídùnní. Bàbá Bùsáyọ̀ wà nínú abà, ó ní òun ń ṣọ́ oúnjẹ.

Irúgbìn tó kù fún Ẹ̀gbọ́n kò ju èyí tí ó lè gbìn lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí èyí náà bá kú, ó di ọdún tó ń bọ̀, ọjà ni wọn yóò ti máa ra àgbàdo bíi tèmi. Ilẹ̀ ti rin díẹ̀ láti inú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ko ebè tán, ó ti da irúgbìn sínú igbá, ó sì dúró tì í. Kò gbìn ín.

Fóònù mi dún. Ti ọ̀sẹ̀ tuntun ni, láti ọ̀dọ̀ Dókítà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Kà á fún mi kí Àkúrẹ́ tó gbọ́ ọ." Mo dúró láàárín ebè, mo kà á bí mo ṣe máa kà á lọ́la. Méje nínú mẹ́wàá pé òjò yóò rọ̀ ní agbègbè Oǹdó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá pé yóò tún rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo rò?"

Mo wo òkè. Ìkùukùu wà níbẹ̀, funfun, kò kánjú. Mo fẹ́ sọ ohun tí yóò mú inú rẹ̀ dùn. Ó wà lẹ́nu mi.

"N kò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. Ó wo Ìbídùnní, òun náà sì mi orí. "Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igbá náà. "Ẹ jẹ́ ká gbìn ín."

A gbìn ín. Ẹ̀yìn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹrin

Oòrùn ní Ọ̀bà-Ilé, aṣọ gbẹ. Ẹ̀gbọ́n pè lọ́sàn-án. Mo ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," kò dáhùn. Mo tún pè é, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó kàn gbé fóònù sókè sábẹ́ páànù abà náà ni, kí n lè máa gbọ́ bí omi ṣe ń kán lórí rẹ̀.